Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké àti àwọn oníbọn Ìbàdàn

Àdéhùn ECOWAS lórí Ohun Ìjà Kéékèèké àti Fúyẹ́fúyẹ́ jẹ́ àdéhùn tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbà ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù Okúdù ọdún 2006. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2009. Ète rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà tí ìbọn ń gbà kọjá ẹnubodè dé ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ àti adigunjalè. Ṣùgbọ́n ó kan ìbọn tó wà lọ́wọ́ ará ìlú pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀, ó kan àwọn ọlọ́dẹ, ọdẹ aṣọ́de àti alágbẹ̀dẹ ní àwọn ìlú bí Ìbàdàn, níbi tí ìbọn ti jẹ́ irinṣẹ́ àti ogún ìdílé.

Ìbọn ní Ìbàdàn àtijọ́

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ní àyíká Ọjà'bà àti òkè Màpó. Oyè ogun bí i Balógun ṣì wà nínú ètò oyè ìlú náà dòní. Ìbọn tó wọ́pọ̀ nígbà náà ni ṣakabùlà, tí a ń ki ètù àti ọta sí láti ẹnu agba rẹ̀. Nígbà ogun Kírìjí (1877–1886), àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí a ń ki lẹ́yìn gbà láti Èkó, èyí tó yára ju ṣakabùlà lọ, ó sì da àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn láàmú gidigidi.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ ọdún 1890, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kò tíì tú ká tán, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels. Àdéhùn yìí ka kíkó ìbọn àti ètù wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà léèwọ̀, wọ́n sì ní nítorí òwò ẹrú ni. Ó yọ ìbọn ìṣáná tí inú agba rẹ̀ dán àti ètù lásán sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìbọn tó lágbára wà lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, èyí tó rẹlẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù fún ọmọ onílẹ̀.

Ohun tí àdéhùn ECOWAS sọ

Abala 14 ka ohun ìjà fúyẹ́fúyẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò bí i ìbọn arọ̀jò-ọta ńlá, léèwọ̀ fún ará ìlú pátápátá. Kò ka ohun ìjà kéékèèké, èyí tí ẹnì kan lè dá lò, léèwọ̀. Ó ní kí ìjọba fi ìwé àṣẹ darí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀:

- ti pé ọjọ́ orí tí òfin là sílẹ̀;
- wà láìní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, kí ó má sì sí lábẹ́ ìwádìí;
- fi ìdí tó bófin mu tó fi nílò ìbọn hàn;
- ti kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn láìséwu;
- ní ibi ìpamọ́ tó dájú fún ìbọn, tó yàtọ̀ sí ibi tí ọta wà.

Ó kéré tán, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìbéèrè fún ìbọn kọ̀ọ̀kan, ìwé àṣẹ náà sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí. Abala 7 ní kí ìjọba fi ojú tó ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ abẹ́lé ń rọ.

Òfin Nàìjíríà

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, tó ní ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ nínú, kò sí ẹni tó lè ní i láìsí àṣẹ Ààrẹ. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún ti èkejì, tó ní ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ ìgbàlódé nínú. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí kẹta, òun náà sì nílò ìwé ìyọ̀ǹda. Lábẹ́ Ìwé Òfin ọdún 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ohun ìjà.

Ohun tí àwọn oníbọn ń fòyà

Ìfòyà àkọ́kọ́ ni pé ìforúkọsílẹ̀ lè di ọ̀nà àtigba ìbọn. Àdéhùn náà kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìtumọ̀ tó fún ohun ìjà kéékèèké gbòòrò, kò sì ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ bí òfin ọdún 1959 ti ṣe. Nítorí náà, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ni ààbò ọlọ́dẹ dúró lé, kì í ṣe àdéhùn náà.

Èkejì jẹ mọ́ ìgbésí ayé ojoojúmọ́. Ó ṣòro láti ya ibi ìpamọ́ ìbọn àti ti ọta sọ́tọ̀ ní àwọn agboolé tó há mọ́ra bí ti Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà. Ìwé àṣẹ jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ìbọn baba a máa di ti ọmọ. Ìbọn yíyìn tún jẹ́ ara ètò ìsìnkú ọlọ́dẹ. Alágbẹ̀dẹ tí kò ní àṣẹ lè di arúfin lórí iṣẹ́ tó jogún.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ẹni tó ń pa òfin mọ́ ni yóò forúkọ sílẹ̀, ajínigbé kò ní forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ àdéhùn náà fèsì pé ìbọn tó bá ní àmì àti àkọsílẹ̀ ni a lè tọpa rẹ̀ bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn.

Ní òkèèrè

Irú àríyànjiyàn yìí wáyé lórí Àdéhùn Òwò Ohun Ìjà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n gbà ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 2013. Nàìjíríà fọwọ́ sí i, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún ọdún náà. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ gbà pé ènìyàn lè ní ìbọn lọ́nà òfin fún àṣà, ìtàn àti eré ìdárayá. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn NRA ní Amẹ́ríkà takò ó, Ààrẹ Donald Trump sì kéde ní ọdún 2019 pé orílẹ̀-èdè òun yóò yọwọ́ nínú rẹ̀.

Amọ̀tẹ́kùn

Ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí Amọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020. Àwọn ọlọ́dẹ wà lára àwọn tó wọ ẹ̀ṣọ́ náà. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn ìkọlù ilé ìjọsìn ní Ọ̀wọ̀, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó béèrè ìbọn tó lágbára fún un. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ nínú òfin ọdún 1959 ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà. Àṣẹ Àbújá nìkan ló lè gbé e lé ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́.