Májẹ̀mú Ábúráhámù: Kí ló ní í ṣe pẹ̀lú àlejò tó ń gbé Ashaiman?

Ìlú àwọn tó ti ibòmíràn wá ni Ashaiman, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tema, lórílẹ̀-èdè Gháńà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ èbúté Tema, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1962, ni àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn oníṣòwò rọ́ wá síbẹ̀. Dangme, Ewe, Hausa àti Yorùbá wà lára àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Irú wọn ni Ábúráhámù inú ìwé mímọ́ àwọn Júù. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó kúrò ní Háránì. Ọlọ́run ṣèlérí ọmọ àti ilẹ̀ Kénánì fún un, àmọ́ ó pé ẹni 100 ọdún kó tó bí Ísáákì.

Ta ló búra?

Ní èdè Hébérù, ńṣe ni wọ́n máa ń "gé" májẹ̀mú. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ní Ábúráhámù la màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò sí méjì. Ìwé Jeremáyà fi hàn pé ẹni tó bá gba àárín ẹran bẹ́ẹ̀ kọjá ń fi ara rẹ̀ gégùn-ún ni: bó bá dalẹ̀, kó rí bí ẹran náà.

Nínú ìmùlẹ̀ Yorùbá, tọ̀tún-tòsì ló ń búra. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, iná tó jẹ́ àmì Ọlọ́run nìkan ló kọjá. Ti Ábúráhámù ni pé kó gbàgbọ́.

Ó ní ìlérí, kò ní ilẹ̀

Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù kò ní ibi tí yóò sin ín sí. Ó sọ fún àwọn ọmọ Hétì pé àlejò àti àtìpó ni òun, ó sì san 400 ṣékélì fàdákà fún ihò Makpela.

Nígbà tó yá, òfin Mósè pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ni àlejò lára, torí àwọn náà ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Gháńà àti Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn ọmọ Gháńà. Títí dòní, "Ghana Must Go" ni orúkọ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tún wọ́de ní Gháńà pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi orúkọ Ábúráhámù gbàdúrà fún ilé, ilẹ̀ àti ọmọ. Àmọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni bí onílé ṣe ń ṣe sí àlejò. Láàárín Gháńà àti Nàìjíríà, kò sí èyí tí kò tíì ṣe àlejò lọ́dọ̀ ìkejì rí.