Owó Ìrànwọ́ fún Ọlọ́mọ Aláìní: Kí Ló Yẹ Ká Fi Wọ̀n Ọ́n?

Iye ìdílé tó gbowó ni ìjọba sábà máa ń kéde. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba àpapọ̀ ní ìdílé mílíọ̀nù 15 ni yóò gba ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Ìbéèrè ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ní Ìkìrun, Iníṣà tàbí Òkukù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yàtọ̀ sí èyí: ṣé owó náà máa dé, ṣé ó máa dé lásìkò, kí ló sì máa rà? Ìdáhùn sí ìbéèrè tirẹ̀ ló yẹ kí àwọn tó ń yẹ ètò yìí wò máa wá.

Irú ètò yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní COPE. Ọlọ́mọ kan ṣoṣo ń gba ₦1,500 lóṣù, ọlọ́mọ mẹ́rin sókè ń gba ₦5,000, bí ọmọ bá ń lọ sílé ìwé tó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, pẹ̀lú mílíọ̀nù 500 dọ́là tí Báńkì Àgbáyé yá wa. Nígbà tó yá, mílíọ̀nù 322 dọ́là nínú owó tí Abacha, olórí ológun tẹ́lẹ̀, kó lọ sílẹ̀ òkèèrè, tí Switzerland dá padà, náà kún un. ₦5,000 lóṣù ni wọ́n ń san.

Ará àdúgbò ló ń kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò gbà á. Àwọn obìnrin, ọkùnrin àti ọ̀dọ́ máa ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a dárúkọ ilé tí ìṣẹ́ ń bá fínra jù, kí òṣìṣẹ́ tó wá bi onílé léèrè nípa òrùlé, omi àti dúkìá rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára, nítorí ará ilé ló mọ ẹni tó sùn lébi. Ṣùgbọ́n ìgbèríko ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí ìwé orúkọ mìíràn fún aláìní inú ìlú. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fò dá ló yẹ kí àyẹ̀wò kọ́kọ́ wá.

Lẹ́yìn èyí, kó wo agbára owó náà. Gàrí àti ìrẹsì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún, síbẹ̀ ₦5,000 kò kúrò lójú kan títí di 2023. Ní oṣù Kìíní 2024, Ààrẹ tún dá gbogbo ètò náà dúró nítorí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ìyá tí kò mọ ìgbà tí owó máa dé kò lè fi ṣètò owó ilé ìwé.

Paríparí rẹ̀, ká fi ẹni tó gbà wé ẹni tí kò tíì gbà. Bí Mẹ́síkò ṣe ṣe é nìyẹn lọ́dún 1997: nínú ìletò 506, 320 kọ́kọ́ gbowó, 186 dúró. Ìyàtọ̀ hàn gbangba: ọmọ púpọ̀ sí i wọ ilé ìwé, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Nílé wa níbí, láàárín 2013 sí 2019, Britain san ₦3,500, lẹ́yìn náà ₦4,000, lóṣù fún àwọn aláboyún àti ìyá ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní Zamfara àti Jigawa, pẹ̀lú ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé abúlé tí kò gbà, oúnjẹ ọmọ ti sunwọ̀n sí i, iye ọmọ tí àìjẹunkánú sọ di kúkúrú sì dín kù.

Irú àyẹ̀wò yìí kò kọjá agbára ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, níbi tí Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù wà. Ilé ìwé ń pe orúkọ ọmọ láràárọ̀. Ilé ìwòsàn ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí káàdì. Kí ìjọba ka àkọsílẹ̀ méjèèjì ṣáájú owó àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ létígbọ̀ọ́ àwọn tó dárúkọ aláìní fún wọn. Bí ọmọ kò bá sanra, tí kò sì dúró ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ètò náà kò tíì ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ìdílé tó gbowó pọ̀ tó.