Àìsùn àti Ìsoríkọ́ Lára Ẹni tí Ẹ̀rọ ń Bá Fọ Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni a fi ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ kúrò. Láti ọdún 1981 ni a ti ń ṣe ìtọ́jú yìí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí Ìwáyà. Bí ó ti yẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, fún nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó mọ ìnáwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ pé aláìsàn wọn kì í fojú kan oorun.

KÍ NI Ó Ń FA ÀÌSÙN?
Ìdọ̀tí tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa mú ara yún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máà ní ìsinmi lórí ibùsùn. Omi tí ó pọ̀ jù lára lè dí i ní èémí bí ó bá dùbúlẹ̀. Àníyàn owó náà ń bẹ níbẹ̀.

ÌSORÍKỌ́ Ń KỌ́?
Ìsoríkọ́ a máa lé oorun lọ. Àìsùn a sì máa dá kún ìsoríkọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èpè. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí ó kọ oúnjẹ, tàbí tí ó ń wí pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀, owó yín ni mò ń run," ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ó bá dárúkọ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE
1. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ní ìtọ́jú. Bí wọ́n bá darí yín sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, kì í ṣe àbùkù.
2. Ẹ má ra oògùn oorun tàbí àgbo fún un. Kíndìnrín tí ó ti daṣẹ́ sílẹ̀ lè má lè gbé e kúrò lára.
3. Ẹ má jẹ́ kí ó pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó rẹ̀ yóò dínkù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí èyí tí ó wà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ lọ béèrè.
4. Kí ó yẹra fún obì àti kọfí ní ìrọ̀lẹ́, kí oorun ọ̀sán má sì pẹ́.
5. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe iṣẹ́ kékeré nínú ilé, kí ó má baà rò pé ẹrù ni òun.

Ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ bi í léèrè pé, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.