Ìwé Ogún Inú Eérú

Nílé tiwa, bí olówó bá kú, tọmọdé tàgbà ló mọ ọ̀nà tí ogún máa gbà. Bí ẹbí bá pín in ní ìdí-igi, ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan á gba ìpín kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀. Wọ́n lè bá ara wọn jà lórí ilé àti oko, ṣùgbọ́n ìpín ọmọ ti wà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Nínú ìtàn ìpànìyàn inú ilé ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ni ogún. Ẹni tó lówó lè fi gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó wù ú, kí ó tún fa ìwé náà ya lọ́la. Ìgbéyàwó tuntun pàápàá máa ń sọ ìwé ogún àtijọ́ di òfo lábẹ́ òfin wọn.

Orí èyí ni òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Agatha Christie, gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kà, The Mysterious Affair at Styles, tó jáde lọ́dún 1920. Ní Essex, ìyá àgbà olówó kan, Emily Inglethorp, fẹ́ ọkùnrin tó kéré sí i ní nǹkan bí ọdún 20. Àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wà nínú ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe àwọn tó ń tọ́jú ọgbà wọlé pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ iná ti jó nínú yàrá rẹ̀. Poirot, ọlọ́pàá àtijọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní lé kúrò ní Bẹ́ljíọ̀mù, kúnlẹ̀ síbi eérú, ó fi ẹ̀mú kékeré yọ ègé ìwé ogún tó jó kù, létà bíi mélòó kan lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ègé ìwé yẹn ni gbogbo ìtàn náà.

Inú oògùn tí ìyá náà ń mu ni ikú wà. Májèlé strychnine díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò tó pànìyàn. Ẹnì kan wá bu bromide sí i, májèlé náà sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ìmu ìkẹyìn ló kó gbogbo rẹ̀ dání. Ibi ìpoògùn ilé ìwòsàn kan ní Torquay ni Christie ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ogun yẹn. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìgò ti dá ọjọ́ ikú, nígbà tí ìyá náà ṣì ń yí ìwé ogún padà. Ẹni tó bá máa ka ìwé yìí, kí ó máa wo méjèèjì pọ̀: ìwé ogún wo ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan ṣí ìgò oògùn yẹn, èwo ló sì wà nílẹ̀ lálẹ́ tí ìyá mu èyí tó kù nísàlẹ̀?