Òótọ́ àbí irọ́? Ṣé àwọn bàbá wa wa táǹkì ní Bọ́mà?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ní Àkókó mọ òkè Ọ̀kà. Ọkọ̀ akẹ́rù á máa kérora, ọmọ ọkọ̀ á ti gbé igi dání kó lè tì í sábẹ́ táyà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nílùú méjèèjì nípa àwọn bàbá tó lọ sógun Hitler dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ti wọnú rẹ̀.

“Àwọn ọmọ Nàìjíríà wa táǹkì ní Bọ́mà.”

Irọ́ ni. Dífíṣọ̀n, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun ńlá, méjì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 81 àti 82, kò sì sí táǹkì nínú ọ̀kankan. Nígbà tí dífíṣọ̀n 81 wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní 1944, inú igbó kìjikìji ni, òkè lórí òkè. Orí ni wọ́n fi ru ọta àti oúnjẹ. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń já ẹrù sílẹ̀ fún wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Ìbọn àwọn ará Japan tí wọ́n ń bá jà fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn ará abúlé ló ń bọ́ ọ tí wọ́n sì ń fi í pamọ́ títí di ìparí ọdún. Ẹni tó bá rò pé àfi kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jókòó sínú irin kó tó di akọni ti fojú kéré rẹ̀.

“Dífíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní táǹkì tirẹ̀.”

Irọ́ ni, ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹrìnlá tí Ọ̀gágun Slim darí, wọn kì í pín táǹkì bí ẹni pín ìbọn. Wọ́n kó wọn jọ sí bìrìgéèdì tiwọn lọ́tọ̀, irú bíi 254 àti 255 ti Íńdíà. Táǹkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ́físà kan. Bí irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀, wọ́n di skúádírọ̀n. Skúádírọ̀n mẹ́ta di réjímẹ́ńtì, réjímẹ́ńtì mélòó kan di bìrìgéèdì. Dífíṣọ̀n tó bá nílò wọn á gbà wọ́n lò fúngbà díẹ̀. Ní 1945, 255 bá dífíṣọ̀n 17 lọ sí Meiktila, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó sì gbẹ, wọ́n sì gba ìlú náà ní oṣù kẹta. Ibi tí táǹkì á ti wúlò jù ni wọ́n ń kó o lọ, Kaladan kò sì sí lára irú ibẹ̀.

“Táǹkì kì í gun òkè.”

Mo mọ ibi tí èyí ti wá. Òkè ni àwọn baba ńlá wa ní Àkókó sá gùn nígbà tí ẹlẹ́ṣin Tápà ń kó ènìyàn lẹ́rú, ẹṣin kò sì rọ́nà bá wọn débẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1944, skúádírọ̀n kan láti inú bìrìgéèdì 254 gun òkè Nunshigum nítòsí Imphal ní Íńdíà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Dogra tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ débi pé àwọn tó ń darí táǹkì ní láti yọ orí síta kí wọ́n lè ríran, ọta sì ń bà wọ́n. Kò ṣẹ́ku ọ́físà kan tí kò kú tàbí tí kò fara gbọgbẹ́. Sájẹ́ńtì-méjọ̀ Craddock ló wá ń darí wọn, wọ́n sì gba òkè náà.

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bí ìwé ìdásílẹ̀ ológun bàbá yín bá ṣì wà nínú àpótí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ bàtálíọ̀nù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ dà á kọ, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ yín kí ikán tó jẹ ẹ́.