Bí A Ti Í Díwọ̀n Agbára Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Kí Eré Tó Bẹ̀rẹ̀

Eré bọ́ọ̀lù tí ó ń fa àríyànjiyàn tó èyí tí Gánà bá fẹ́ bá Nàìjíríà gbá kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Alajo, ní ìlú Accra, àríyànjiyàn náà ní adùn tirẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀. Àdúgbò yìí kò jìnnà sí Accra New Town, tí a ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí nítorí àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní Gánà ni yóò borí àti ẹni tí ó ní Nàìjíríà ni lè jẹ́ aládùúgbò; wọ́n tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Nítorí náà ó yẹ kí a wo bí àwọn alátìlẹ́yìn ti ń ṣe ìṣirò wọn, àti ibi tí ìṣirò náà ti máa ń kùnà.

Ẹ jẹ́ kí a fi oṣù Kẹta ọdún 2022 ṣe àpẹẹrẹ. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ni yóò pàdé lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ó bá sì borí ni yóò lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar. Ohun àkọ́kọ́ tí alátìlẹ́yìn máa ń wò ni bí ẹgbẹ́ ti ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Cameroon, Nàìjíríà borí nínú eré rẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kí Tunisia tó lé e jáde. Gánà kò borí nínú ẹyọ eré kan. Comoros, orílẹ̀-èdè kékeré inú òkun, fi góòlù 3 sí 2 nà án, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Olùkọ́ rẹ̀, Milovan Rajevac, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, a sì fi Otto Addo rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun kejì ni ìtàn. Àwọn ọmọ Gánà kò gbàgbé pé ní ọdún 1955, ní Accra, góòlù 7 sí òdo ni Gold Coast fi na Nàìjíríà. Wọn kò gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ní Accra, tí a sì lé ọmọ Gánà kan jáde nínú eré, síbẹ̀ tí Gánà borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà a sì fi góòlù 3 sí òdo tí wọ́n fi borí ní Port Harcourt ní ọdún 2001 fèsì. Ìtàn dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù ìgbà náà kọ́ ni yóò gbá ti òní. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ohun kẹta ni òfin ìdíje, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Eré àkọ́kọ́, ní Kumasi, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, parí sí ọ̀mì láìsí góòlù kankan. Ó rọrùn láti rò pé Nàìjíríà ni èrè náà jẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ilé rẹ̀ ni eré kejì yóò ti wáyé. Ṣùgbọ́n òfin ni pé bí iye góòlù ẹgbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba lẹ́yìn eré méjèèjì, ẹni tí ó gbá góòlù púpọ̀ jù wọlé nílé onílé ni yóò borí. Àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù ti fagi lé irú òfin yìí ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìdíje tí à ń wí yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí Gánà bá lè gbá ẹyọ góòlù kan wọlé ní Abuja, ọ̀mì tó o. Nàìjíríà ni yóò wá di dandan fún láti borí pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, Thomas Partey gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú kẹwàá. William Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà ní ìṣẹ́jú kejìlélógún. Kò sí góòlù mìíràn mọ́. Góòlù kan sí kan: kò sí ẹni tí ó na ẹnì kejì, síbẹ̀ Gánà ni ó lọ sí Qatar.

Àwọn òǹwòran kan kò lè gba èyí. Wọ́n ya wọ inú pápá, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́. Ìrètí tí a kò fi ìṣirò tì lẹ́yìn ni ó sábà máa ń bí irú ìbínú bẹ́ẹ̀.

Ní Alajo, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Gánà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ẹ̀fẹ̀ bọ́ọ̀lù sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kí ó máa lọ sílé rẹ̀, ó lè tẹ ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná.

Kì í ṣe pé kí ènìyàn má sọ àsọtẹ́lẹ̀. Adùn eré ni. Ṣùgbọ́n kí a wo bí ẹgbẹ́ ti rí lónìí, kí a fi ìtàn sí àyè rẹ̀, kí a sì ka òfin kí a tó pinnu. Ahọ́n àti eyín a máa jà, ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti fọn fèrè ìkẹyìn, ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì yóò ná ní ọjọ́ kejì.