Yíyan Tọ́bò tí ó Bá Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Mu

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń fẹ́ kí ọkọ̀ òun lágbára sí i ni kì í rántí òwe yìí nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta tọ́bò. Èyí tí ó tóbi jù ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Owó ti tán lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí i pé ṣe ni ọkọ̀ ń wọ́ lórí òkè, tàbí pé pisitíìnì ti lu. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán kan wà tí ì bá ti kìlọ̀ fún wọn.

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1905. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo: èéfín tí ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, èkejì sì ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ń kì í sínú sìlíńdà. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tí ó lè jóná níbẹ̀ náà yóò pọ̀ sí i.

Máàpù ni àwọn tí ń ṣe tọ́bò ń pe àwòrán náà. Olùkọ́ jọ́gíráfì yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìlà yí ìlà ká nínú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ya òkè sínú ìwé. Gíga ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ, bí kò ṣe bí abẹ̀bẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tó láìfi agbára ṣòfò. Láti òsì sí ọ̀tún ni a ti ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́ tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Láti ìsàlẹ̀ sí òkè ni a ti ń ka ìlọ́po tí agbára ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ náà fi ju ti ìta lọ. Ní òdì kejì ààlà òsì, afẹ́fẹ́ tí ń kọjá kéré jù, a sì máa sẹ́ padà gba inú abẹ̀bẹ̀, ọ̀pá á máa gbọ̀n. Ní ààlà ọ̀tún, ọ̀nà ti há. Kò sí bí abẹ̀bẹ̀ ti lè sáré tó, ooru nìkan ni yóò máa fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ́ńjìnnì lítà 2 ṣe àpẹẹrẹ. Lítà 1 ni ó ń fà ní yíyí kọ̀ọ̀kan, nítorí ó di ẹ̀ẹ̀mejì tí ó bá yí kí gbogbo sìlíńdà tó mí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 5000 ní ìṣẹ́jú kan, tí sìlíńdà sì ń kún dé ìdá 90 nínú 100, lítà 4500 ni. Létí òkun, nígbà tí ìgbóná jẹ́ 27 lórí ìwọ̀n Celsius, lítà afẹ́fẹ́ kan wúwo tó gíráàmù 1.18. Ká ní a fẹ́ kí tọ́bò sọ ìtẹ̀ di ìlọ́po 1.7. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, tí wọ́n á kàn fi 1.7 sọ ìwúwo di púpọ̀. Afẹ́fẹ́ tí a kì a máa gbóná, èyí tí ó gbóná a sì máa fẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá jáfáfá dé ìdá 70 nínú 100, ìgbóná á dé nǹkan bí 97, ìlọ́po ìwúwo kò sì ní ju 1.38 lọ. Bí ó bá jẹ́ 55 péré, ìgbóná á dé 116, ìlọ́po á di 1.31. Ohun kan náà ni géèjì yóò máa fi han awakọ̀! Ooru yìí ni ó ń mú kí epo gbiná fúnra rẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó pé, tí ó sì ń lu pisitíìnì.

Pẹ̀lú ìdá 70 náà, kílò 7.3 ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 2500, nǹkan bí kílò 3.7 ni. A ó fi àmì sí ibi méjèèjì yìí lórí máàpù, ní gíga 1.7. Bí tọ́bò bá tóbi jù, àmì kejì yóò bọ́ sí òdì kejì ààlà òsì. Bí ó bá kéré jù, àmì kìíní yóò jìnnà sí góńgó, sínú ooru. Èyí tí ó gba àmì méjèèjì ni kí a rà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Saab ti Sweden gbé 99 Turbo jáde ní 1977, tọ́bò kékeré ni wọ́n fi sí ẹ́ńjìnnì lítà 2 rẹ̀, kí agbára lè tètè dé. Wọ́n wá fi ilẹ̀kùn kan sí i tí ń ṣí fún èéfín láti gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bí ìtẹ̀ bá ti tó. Agbára ẹṣin 145 ni ó ní.

Kí á tó fi àmì kankan sí máàpù, kí á ka etí rẹ̀ dáadáa. Òmíràn ń fi pọ́n-ùn ka ìwúwo dípò kílò, ìgbóná àti ìtẹ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe é sì lè yàtọ̀ sí ti ibi tí ọkọ̀ yóò ti rìn.